Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Síkì ní Zermatt láìta ilẹ̀ bàbá ẹni

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí, láti Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn títí dé Oǹdó Ekìmògún, dá lórí eré síkì, ìyẹn yíyọ̀ bọ̀ látorí òkè yìnyín pẹ̀lú pátákó gígùn méjì lẹ́sẹ̀. Zermatt ní Switzerland ni ọ̀pọ̀ dárúkọ. Ìlú náà wọ́n, a ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè nìkan ló ń gba owó lọ́wọ́ àlejò. Ohun tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rà, àti ohun tí wọ́n rà tí wọn ò lò, máa ń gba owó lọ́wọ́ wọn púpọ̀. Apá yẹn la lè gé kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta ti ń dá owó jọ láti lọ ṣe síkì ní Zermatt fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ẹni tó ṣe é rí nínú wa. Kí ni ká kọ́kọ́ san, kí ni ká fi sẹ́yìn? (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Alágbàká, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra. Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kó tó kan bàálù tàbí ilé. Ọ̀sẹ̀ Kérésì títí wọ ọdún tuntun, oṣù kejì tí iléèwé Yúróòpù ń gba ìsinmi lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde: ìgbà wọ̀nyí ni ibùsùn kan náà máa ń gbówó lérí jù. Àlàfo méjì ló wà tí àpò ti lè mí. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kìíní, títí oṣù náà á fi parí. Èkejì ni láti ìdajì oṣù kẹta lọ sí oṣù kẹrin, tí Àjíǹde kò bá bọ́ sáàárín rẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dúró nínú òtútù bẹ́ẹ̀ rí, oṣù kẹta la ó mú. Ojúmọ́ ti gùn sí i nígbà yẹn, oòrùn ti ń mú díẹ̀, ẹni tó ń ṣubú léraléra láàárọ̀ kò sì ní gan. Àwọn ìlú síkì tí kò ga lè ti máa pàdánù yìnyín wọn lásìkò náà. Zermatt ní tirẹ̀ ga: ìlú fúnra rẹ̀ lé ní 1,600 mítà (Àkúrẹ́ tiwa kò tó 400), ọkọ̀ orí wáyà sì ń gbéni dé 3,883 mítà ní Klein Matterhorn, níbi tí yìnyín ayérayé wà, tí wọ́n ń ṣe síkì tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò.

Tí ẹ bá ti mú ọjọ́, físà ló kàn. Ìdí ni pé gbogbo ohun tó bá pọ́ọ́kú ní Zermatt, ẹni tó tètè san ló ń rí i, ẹni tí kò sì tíì rí físà kò gbọdọ̀ san owó tí kò ṣeé gbà padà. Òfin gbà kí ẹ fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ lo àyè yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ lọ ní oṣù kẹta, kí ìwé yín ti wà lọ́dọ̀ wọn ní oṣù kẹwàá. Kí ilé tí ẹ bá mú fún ìwé físà jẹ́ èyí tí ẹ lè fagi lé láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí físà bá jáde ni kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti ti rélùwéè, kí ẹ sì fìdí ilé múlẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì òkè, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ orí wáyà, ni ibi tí àwọn tó ń kọ́ síkì ti ń ṣòfò jù. Ti gbogbo òkè fún àgbàlagbà kan sábà máa ń lé ní 80 fránkì (owó Switzerland) lójúmọ́, iye rẹ̀ sì ń gòkè bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́ tí èrò sì ń pọ̀. Ẹni tó ń kọ́ kò nílò gbogbo òkè. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ilẹ̀ tí kò dagun lẹ ó wà, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì tó ń rìn yóò ti máa gbé yín gòkè díẹ̀díẹ̀. Ní Zermatt, ìsàlẹ̀ Sunnegga ni ilẹ̀ yẹn wà. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbéni dé Sunnegga láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ní 2,288 mítà. Ẹ béèrè tíkẹ́ẹ̀tì tó mọ sí apá ibẹ̀. Tí ẹ bá ti lè dúró, tí ẹ lè yà sọ́tùn-ún sósì, ìgbà náà ni kí ẹ ra ọjọ́ kan tàbí méjì ti òkè ńlá. Ojú ọ̀nà síkì ní àwọ̀: búlúù rọrùn, pupa le, dúdú le jù. Búlúù ni tiyín lọ́dún yìí.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ má ṣe ṣahun sí: ìnṣọ́ránsì, olùkọ́ àti bàtà. Olùkọ́ àdáni fún odidi ọjọ́ kan lé ní 400 fránkì, ó pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n kíláàsì ẹlẹ́ni púpọ̀ wà tí owó rẹ̀ kéré sí ìyẹn dáadáa. Kí ẹ̀yin mẹ́rin sì tó wọ kíláàsì, ẹ béèrè iye olùkọ́ àdáni fún ìdajì ọjọ́, kí ẹ pín in sí mẹ́rin. Nígbà mìíràn owó méjèèjì kì í jìnnà síra, ẹ̀yin nìkan lolùkọ́ yóò sì máa wò. Ẹ kọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹni tó bá ní kí ọ̀rẹ́ òun kọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́ sábà máa ń lo ọ̀sẹ̀ náà lórí ìdí.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn kan ní ká sùn ní Täsch, àwọn kan ní ká gba ẹ̀yìn òkè ní Ítálì nítorí ó pọ́ọ́kú. Èwo ni òótọ́? (Ọkọ àti aya, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ wà nínú méjèèjì, ìdẹ̀kun sì wà nínú méjèèjì.

Mọ́tò àdáni kì í wọ Zermatt. Täsch ni gbogbo wọn ń dúró sí, rélùwéè sì ń gbé èrò wọlé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Yàrá ní Täsch sábà máa ń dín owó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ní ó dín, ẹ ṣírò owó rélùwéè: àlọ àti àbọ̀, iye ènìyàn, iye ọjọ́, kí ẹ fi kún iye yàrá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìyáni ohun èlò ní Zermatt bóyá ẹ lè máa fi pátákó àti bàtà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn mọ́jú, kí ẹ má baà máa rù ú wọ rélùwéè.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ilé oníyàrá méjì tó ní ilé ìdáná ló ń borí. Ọ̀pọ̀ wọn, láti Sátidé dé Sátidé ni wọ́n ń yá a. Ẹ má wo iye tó wà lókè nìkan. Ẹ béèrè nípa owó ìmọ́tótó ìkẹyìn, owó aṣọ ibùsùn, àti owó ìlú tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́. Mẹ́ta yìí lè sọ ilé tó pọ́ọ́kú di ọ̀wọ́n. Fún ẹni kan tàbí ẹni méjì, ilé àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò tó wà ní Zermatt dára jù. Àgbà náà lè sùn níbẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú owó náà.

Ẹ̀yìn òkè ní Ítálì ni wọ́n ń pè ní Breuil-Cervinia, ní 2,050 mítà. Òkè kan náà ni, ojú ọ̀nà síkì rẹ̀ sì já sí ti Zermatt. Yúrò ni wọ́n ń ná, oúnjẹ àti ibùsùn sì rọjú ju ti ọ̀dọ̀ Switzerland lọ. Tí àpò bá fún gan-an, ibẹ̀ la ó ní kí ẹ lọ, láìṣiyèméjì. Ẹ gba bàálù lọ sí Milan tàbí Turin, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Châtillon, bọ́ọ̀sì mìíràn á wá gbé yín gòkè.

Ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí. Orílẹ̀-èdè tí ẹ bá ti sùn jù lẹ ó bẹ̀ fún físà: tí gbogbo alẹ́ yín bá jẹ́ ní Cervinia, ọ̀dọ̀ Ítálì ni ìwé yín ń lọ, kódà bí bàálù yín bá balẹ̀ sí Zurich. Láti ọdún 2022, òfin Ítálì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe síkì láìní ìnṣọ́ránsì tó máa sanwó tí ẹ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe. Wọ́n ń tà á pọ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì òkè, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹ má yọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì kúrò lórí, òfin wọn ti mú ìyẹn náà le. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ orí wáyà tó so ìlú méjèèjì pọ̀ wà lókè pátápátá, tí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n á tì í. Ẹni tó bá wà lódìkejì nígbà náà yóò fi ọkọ̀ ilẹ̀ yí òkè ká fún ọ̀pọ̀ wákàtí, owó takisí rẹ̀ sì lè ju owó ibùsùn ọjọ́ mélòó kan lọ. Ẹ wo aago ọkọ̀ ìkẹyìn láàárọ̀, kí ẹ sì ti kọjú sílé ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Oníṣòwò ni mí ní Oǹdó. Aṣojú kan ní òun yóò bá mi ṣe físà àti ìnṣọ́ránsì pọ̀. Kí ni mo gbọ́dọ̀ bojú tó?

ÌDÁHÙN: Owó físà Schengen, ìyẹn físà kan náà tó wọ Switzerland àti Ítálì, fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ọmọ ọdún 6 sí 11 ń san 45, èyí tí kò tó 6 kò san nǹkan. Owó ilé iṣẹ́ tó ń gba ìwé yàtọ̀ sí ìyẹn. Tí aṣojú bá pe iye tó ju èyí lọ fíìfíì, ẹ ní kó tú u palẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó lọ tẹ̀ka, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣe ìyẹn. Ìpinnu sábà máa ń gba ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n òfin gbà wọ́n láyè dé ọjọ́ 45.

Ìwé ìrìnnà yín gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó kúrò níbẹ̀, kó má tíì pé ọdún mẹ́wàá, kó sì ní ojú ewé méjì tó ṣófo. Switzerland ń retí nǹkan bí 100 fránkì lójúmọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ́ ara rẹ̀. Owó náà gbọ́dọ̀ hàn nínú àkáǹtì bí owó tó ń wọlé nínú òwò yín. Òbítíbitì owó tó ṣàdédé wọ àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló ń mú kí wọ́n fura. Ẹ kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, ìwé owó orí àti ohunkóhun tó fi hàn pé ẹ ní ìdí láti padà wálé.

Ìnṣọ́ránsì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò. Ohun tí físà béèrè ni ìnṣọ́ránsì ìtọ́jú tó tó 30,000 yúrò. Èyí tó pọ́ọ́kú jù yóò gba físà fún yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló yọ eré orí yìnyín sílẹ̀ nínú ìwé kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá kán lórí òkè, ẹ̀yin lẹ ó sanwó. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wá nǹkan mẹ́rin nínú ìwé náà: eré ìgbà òtútù, ìgbanilà lórí òkè pẹ̀lú hẹlikópútà, ìpalára tí ẹ bá ṣe fún ẹlòmíràn, àti ohun èlò tí ẹ yá. Hẹlikópútà nìkan lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún fránkì. Ọ̀pọ̀ ìwé kì í sanwó fún ẹni tó kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀pá sàmì sí, tàbí ẹni tó mutí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè ra aṣọ òtútù ní òkìrìkà Ọjà Ọba, àbí ká dúró ra á lọ́hùn-ún? (Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé)

ÌDÁHÙN: Ẹ rà á nílé, ìyá. Lọ́hùn-ún, iye jákẹ́ẹ̀tì kan lè bọ́ yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá. Ìpele mẹ́ta laṣọ síkì. Èyí tó kan ara gbọ́dọ̀ jẹ́ pọliẹ́sítà fẹ́lẹ́ tàbí irun àgùntàn, kó lè lé òógùn kúrò lára. Aláàárín ni fílíìsì. Tòde ni jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀. Òwú kò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ rárá: síńgílẹ́ẹ̀tì òwú àti jíǹsì ń mu òógùn, òógùn náà á tutù mọ́ ara nígbà tí ẹ bá jókòó sórí àga orí wáyà, òtútù á wá wọlé láti inú. Ẹni tó wọ aṣọ mẹ́fà olówùú máa ń gbọ̀n ju ẹni tó wọ mẹ́ta tó tọ́ lọ.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olókìrìkà, ẹ mú ike omi dání. Ẹ da díẹ̀ sí èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì. Tí omi bá yí gbiri kúrò, ó dára. Tó bá rì wọ inú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yí inú rẹ̀ síta: tẹ́ẹ̀pù tó bo ojú rírán kò gbọdọ̀ máa ṣí. Ẹ fa síìpù lọ, ẹ fà á bọ̀. Ibi ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdè, bẹ́ẹ̀ ni kí ìbàdí náà ní rọ́bà, torí ẹni tó ń kọ́ síkì máa ń jókòó sínú yìnyín. Ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí omi kì í wọ̀. Ti wúùlù tí wọ́n ń tà ní títì kò wúlò níbẹ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ má rà lókìrìkà láéláé: hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti bàtà síkì. Fóòmù inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ti gbá nǹkan rí kò lágbára mọ́, ojú kò sì lè rí i. Bàtà síkì tó ti dàgbà, ike rẹ̀ á ti gbẹ, ó lè fọ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀ lórí òkè.

Awò ojú tó ń dí oòrùn ṣe pàtàkì. Yìnyín tuntun ń dá nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìtànṣán tó ń jóni padà sójú, bí a sì ṣe ń gòkè ni ìtànṣán náà ń le sí i. Awọ dúdú náà ń jó. Òrí dára fún ètè àti ojú tó ń pàǹpá, ṣùgbọ́n kì í dí oòrùn. Ẹ kọ́kọ́ fi ìpara oòrùn pa ojú, kí ẹ tó fi òrí sí ètè.

ÌBÉÈRÈ: Báwo la ṣe ń mọ bàtà síkì tó bá ẹsẹ̀ mu? Wọ́n ní ó máa ń dunni. (Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Bàtà tó ń ni ẹsẹ̀ lára níbi kan ṣoṣo ni kò tọ́, èyí tó di gbogbo ẹsẹ̀ mú dọ́gba ló tọ́. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé pépà nílé, kí ẹ ti gìgísẹ̀ mọ́ ògiri, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ dé orí àtàǹpàkò: 26 sẹ̀ǹtímítà, ẹ béèrè 26 tàbí 26.5. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ tí ẹ dúró ṣánṣán, ọmọ ìka á kan iwájú díẹ̀. Tí ẹ bá tẹ orúnkún síwájú, ìka á fà sẹ́yìn. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ gbéra nílẹ̀ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni, kó fẹ́lẹ́, kó gùn ju ibi tí bàtà dé lọ, kí ohunkóhun má sì wọ inú bàtà pẹ̀lú rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò abẹ́. Àwọn tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì nítorí òtútù ni ẹsẹ̀ wọn ń tutù jù, torí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá.

Ẹ yá ohun èlò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ó dín owó ju kí ẹ dé ẹnu ọ̀nà lọ. Fún ẹni tó ń kọ́, pátákó tó dé láàárín àyà àti àgbọ̀n ni. Kúkúrú rọrùn láti yà. Tí wọ́n bá bi yín ní ìwọ̀n ara, gíga, ọjọ́ orí àti bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó, ẹ sọ òótọ́, ní kílò. Iye yẹn ni wọ́n fi ń de ìdè tó so bàtà mọ́ pátákó. Ẹni tó bá pera rẹ̀ ní ọ̀gá, ìdè rẹ̀ á le, kò ní tú nígbà tó bá ṣubú, orúnkún ló máa yí. Tí bàtà bá ń dun yín lọ́jọ́ kìíní, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà. Ara iṣẹ́ wọn ni láti pààrọ̀ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè gbé oúnjẹ wa dání? Mo gbọ́ pé àwo ráísì kan lè gba owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan. (Ìyá oníléoúnjẹ, Yábà, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ lè gbé gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún dání, nínú ọ̀rá tó dè dáadáa. Ẹran kò gbọdọ̀ wọlé, ì báà jẹ́ kílíṣí, pọ̀nmọ́ tàbí ẹran gbígbẹ inú ẹ̀gúsí, bẹ́ẹ̀ ni wàrà àti wàràkàṣì. Wọ́n á gbà á, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e. Ewébẹ̀ tútù náà, ẹ fi í sílé.

Oúnjẹ ọ̀sán lórí òkè sábà máa ń gba 20 sí 30 fránkì lórí ẹnì kan. Ibẹ̀ lowó ń jò sí jù lọ, torí ojoojúmọ́ ni. Ẹ ra búrẹ́dì, ẹyin àti èso ní Coop tàbí Migros ní Zermatt, kí ẹ dì í láàárọ̀, kí ẹ gbé tíì gbígbóná sínú fúláàsì. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ mímu ni, ẹ má ra omi inú ike.

Ẹ fi èyí sọ́kàn nílé ìdáná: ní 1,600 mítà, omi ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 95 dípò 100. Ó hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbóná tó tilé. Ráísì á pẹ́ sí i, ẹ fi omi díẹ̀ kún un, kí ẹ dé e pa. Ẹ̀bà á gba omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó gan-an, tí ẹ ò jẹ́ kó sinmi rárá.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin jẹ́ AS, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ SC. Àwọn méjèèjì fẹ́ bá wa lọ. Ṣé ewu wà? (Bàbá kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ewu wà, bàbá, a sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè. Bí a ṣe ń gòkè ni atẹ́gùn tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ń dín. Ní 3,883 mítà, atẹ́gùn tí à ń mí sínú fi díẹ̀ kéré sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti etí òkun. Àìtó atẹ́gùn yìí ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹ́nótáìpù SS tàbí SC ká, òtútù ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, òùngbẹ sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ki. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà pa pọ̀ lórí òkè. Ẹ má mú èyí tó jẹ́ SC lọ láìjẹ́ pé dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ sì sọ ti bàálù fún dókítà náà, torí atẹ́gùn inú bàálù lè dà bíi ti ibi tó ga ju 2,000 mítà lọ. Ní tiwa, ibi tí kò ní gun òkè rárá la ó wá fún un.

Èyí tó jẹ́ AS, ó ṣeé ṣe kó má rí wàhálà kankan rí ní Àkúrẹ́. Àmọ́ lókè gíga, ẹ̀jẹ̀ lè dí mọ́ ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ìrora líle níbẹ̀, tàbí kó ràn dé èjìká òsì, pẹ̀lú èébì, ni àmì rẹ̀. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè, torí dókítà ibẹ̀ lè má rò ó. Tí òun náà bá ti rí dókítà, kí ó sùn sí Täsch, ní 1,450 mítà, tàbí Zermatt, kì í ṣe Cervinia. Kí ó máa mu omi, kí ó má sì gun Klein Matterhorn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ìdánrawò kan wà tá a lè ṣe nílé? (Olùkọ́, Ìdànrè)

ÌDÁHÙN: Ẹ ní i lẹ́yìnkùlé. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ló dára jù, pàápàá sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Iṣan itan tó ń dá ara dúró nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ ni síkì ń lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ẹ gòkè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sọ̀ láìsáré, láìfẹ̀yìntì, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹ jókòó láìsí àga, ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́ẹ̀mẹrin, títí ẹ ó fi lè ṣe 90. Ẹni tí itan rẹ̀ bá ti rẹ̀ ló ń farapa, ọ̀sán ló sì sábà ń ṣẹlẹ̀. Torí náà, kódà pẹ̀lú ìdánrawò, ẹ kúrò lórí yìnyín nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń gbọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Irú irun wo ló lè wọ abẹ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì? (Àbúrò yín obìnrin, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Kòlẹ́sẹ̀, kó pẹlẹbẹ, kí ìdí rẹ̀ parí sí ọrùn lẹ́yìn. Ṣùkú kò ní jẹ́ kí hẹ́límẹ́ẹ̀tì jókòó, àtáṣìmẹ́ǹtì tó nípọn á gbé e sókè, kò sì ní dáàbò bo iwájú orí mọ́. Ẹ dì í ṣáájú kí ẹ tó wọn orí fún hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ẹ má lo ìborùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó lè há sí àga orí wáyà. Ìbọrùn olóbìírí tó ń ti orí wọ̀ ló dáa. Tí ẹ bá fẹ́ bo irun, fìlà fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ orí lẹ máa wọ̀ sábẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Tí ẹnì kan nínú wa bá ṣubú tí kò lè dìde ńkọ́? (Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, Ìlésà Garage, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Kí ẹnì kan bọ́ pátákó rẹ̀, kó gùn ún mọ́ inú yìnyín ní bí àgbélébùú, ní mítà mélòó kan lókè ẹni tó ṣubú, kí àwọn tó ń bọ̀ látòkè lè yà. Òfin orí òkè ni pé ẹni tó wà lókè ló gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yà fún ohun tí kò rí. Ẹ má bọ́ bàtà ẹni tó farapa, òun ló ń di egungun mú. Ẹ bò ó, ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ á tètè tutù.

Nọ́ńbà tí ẹ máa pè ní apá Valais, níbi tí Zermatt wà, ni 144. Ní ẹ̀gbẹ́ Ítálì, 112 ni. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà síkì sábà máa ń ní nọ́ńbà; ẹ ka èyí tó súnmọ́ yín fún wọn, pẹ̀lú orúkọ ojú ọ̀nà náà, wọ́n á mọ ibi tí ẹ wà. Tẹlifóònù ń tètè kú nínú òtútù, ẹ fi í sí àpò inú tó kan ara. Kí ẹ tó kúrò nílé, kí kálukú kọ nọ́ńbà ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ àti nọ́ńbà tẹlifóònù ilé iṣẹ́ náà sí pépà, kó sì fún ẹlòmíràn nínú yín ní ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń fẹ́ kí ẹ pè wọ́n láàárín wákàtí 24. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá san nílé ìwòsàn, àti ìwé dókítà, kí ẹ tó kúrò ní Zermatt, torí ó ṣòro láti rí wọn gbà láti Àkúrẹ́.